Ìbánisọ̀rọ̀ àti Aṣọ Funfun Òrìṣà Ìfọ́n: Àgbéyẹ̀wò Orírun àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ ‘Communication’

Ìfáárà

Ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní èdè Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ‘communication’ bá ti jáde, ‘ìbánisọ̀rọ̀’ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dáhùn, kò sì sí ẹni tí yóò tún bi í léèrè nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára. Òun ni àwọn oníròyìn fi ń pe fóònù ní ‘ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀’. Òun ni wọ́n fi ń pe ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Òun náà, tàbí ìkejì rẹ̀ ‘ìbáraẹnisọ̀rọ̀’, ni àkọlé tí ẹ̀kọ́ nípa àrokò àti ìlù máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ẹ̀sùn kan wà tí ó rọrùn láti fi kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀sùn náà ni pé ‘sọ̀rọ̀’ ni ó wà ní ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlù kò ní ẹnu, àrokò kò sì ní ahọ́n. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Yorùbá náà kéré sí ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé ẹ̀sùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ti ìlù àti àrokò. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kù díẹ̀ káàtó ní tòótọ́ wà níbòmíràn, ìtàn òrìṣà Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ó sì tú u fó. Yóò tún hàn pé agbára ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ‘sọ̀rọ̀’ rárá. Inú ‘bá’ ni ó wà.

Orírun ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti ṣẹ̀ wá. Ó gba inú èdè Faransé àtijọ́ kọjá kí ó tó dé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn náà, ‘communicare’, túmọ̀ sí kí ènìyàn sọ nǹkan di àjọni, kí ó pín in pẹ̀lú ẹlòmíràn. Láti ara ‘communis’ ni ó ti jáde, èyí tí ó ń tọ́ka sí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbogbòò. Nínú ‘communis’ yìí ni ‘com’ wà, tí ó dúró fún àjùmọ̀ṣe, àti ‘munus’, tí ó dúró fún ojúṣe tàbí ẹ̀bùn. Kò sí ẹnu níbẹ̀, kò sì sí ahọ́n. Ẹni tí ó pín iṣu rẹ̀ fún aládùúgbò ti ṣe ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń wí, bí kò tilẹ̀ la ẹnu.

Ẹ̀rí èyí wà nínú ohun tí ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní lórí tábìlì, ìyẹn Bíbélì. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1611, Hébérù orí 13 ẹsẹ 16 lo ọ̀rọ̀-ìṣe yìí gan-an fún ìtọrẹ. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò fi ọ̀rọ̀ sísọ kankan síbẹ̀. Èrò pípín nǹkan fún ẹni ni wọ́n lò. Ní Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 15 ẹsẹ 33, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti dárúkọ ‘communications’ búburú tí ó ń ba ìwà jẹ́, ‘ẹgbẹ́’ ni àwọn atúmọ̀ wa kọ. Pípín àti ẹgbẹ́: ọ̀nà méjèèjì jìnnà sí ‘ìbánisọ̀rọ̀’ tí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní yóò sáré kọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn atúmọ̀ náà ṣì í. Èdè Gíríìkì tí ó wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì ni ó darí wọn, ó sì darí wọn síbi tí ó tọ́. ‘Communion’, tí àwọn ìjọ Yorùbá ń pè ní Ìdàpọ̀ Mímọ́, ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ yìí ni.

Nígbà tí ó yá, ìtumọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ojú ọ̀nà àti ipa odò, ìyẹn ohunkóhun tí ó so ibì kan pọ̀ mọ́ ibòmíràn. Ní ìlànà yìí, ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Òṣogbo ní 1907, tí kò jìnnà sí Ìfọ́n àti Ìlobùú, jẹ́ ‘communication’ pẹ̀lú ẹrù kòkó àti èrò inú rẹ̀, láìka lẹ́tà kan ṣoṣo mọ́ ọn. Ọ̀rúndún ogún ni ọ̀rọ̀ náà fi ara mọ́ ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Raymond Williams, nínú ìwé rẹ̀ Keywords tí ó jáde ní 1976, pe àkíyèsí sí ìjà tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ṣé fífi nǹkan ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn ni, tàbí ṣíṣe àjọpín nǹkan láàárín ara ẹni? Ìjà náà kò tíì parí. Àwọn tí ó ń fi àwòrán tí Claude Shannon gbé jáde ní 1948 kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti gbè sẹ́yìn apá kìn-ín-ní láìmọ̀: orísun, afiránṣẹ́, ọ̀nà, agbàránṣẹ́, ibi tí iṣẹ́ ń lọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Shannon, wáyà tẹlifóònù ni ó sì ń rò. Àwòrán náà wúlò fún wáyà.

‘Bá’ àti ohun tí ó gbé ró

Ìhun ‘ìbánisọ̀rọ̀’ kò ṣòro láti tú. Mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘ì-’ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ‘bá’ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ‘ẹni’ tí fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti di pípajẹ, àti ‘sọ ọ̀rọ̀’ tí ó ti di ‘sọ̀rọ̀’. Ohun tí àwọn olùkọ́ kì í sábà dúró lé lórí ni ‘bá’. Ẹni tí ó bá ènìyàn jẹun kò fún un ní oúnjẹ lásán. Àwo kan náà ni wọ́n jọ dojú kọ. Ẹni tí ó bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn ti gba díẹ̀ nínú ẹ̀dùn náà sí ara tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ní ‘bá mi kí ìyá rẹ’, ẹni tí ó rán ti fi ẹnu rẹ̀ sí ẹnu òjíṣẹ́, kíkí náà sì di ti àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tí ‘com’ ń ṣe nínú èdè Látìn ni ‘bá’ ń ṣe nínú Yorùbá. Lọ́nà yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wò bí ìtumọ̀ tí kò kún tún sún mọ́ orírun Látìn náà ju bí àwọn tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lónìí ṣe sún mọ́ ọn lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ ‘bá’ di oyin. ‘Bá’ kan náà ni ó wà nínú ‘bá jà’. ‘Ìbáwí’ ṣe pàtàkì jùlọ níhìn-ín, nítorí pé bí wọ́n bá tú u, ‘bá’ àti ‘wí’ ni, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọmọ ìyá ‘ìbánisọ̀rọ̀’. Síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá wí kì í dáhùn púpọ̀. Àjọpín kò fi dandan jẹ́ ìrẹ́pọ̀.

‘Ìbáraẹnisọ̀rọ̀’ fi ‘ara’ kún un, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa lọ kí ó máa bọ̀ láàárín àwọn tí ó ń sọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ń rọ́pò ara wọn láìsí ìdí, àfi bí ẹni tí ó ń kọ̀wé bá fẹ́ kí gbólóhùn òun gùn sí i.

Ẹ̀rí tí ó dára jù pé Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí Williams ń wá ni orúkọ tí wọ́n sọ rédíò: ‘asọ̀rọ̀mágbèsì’. Ẹni tí ó sọ rédíò ní orúkọ yìí ti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yà á lẹ́nu kì í ṣe pé àpótí ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé ó ń sọ̀rọ̀ tí kò gba èsì. Ó mọ̀ pé ‘sọ̀rọ̀’ wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ‘bá’ kò sí níbẹ̀, ó wá fi àìsí ‘bá’ náà ṣe orúkọ. Lẹ́yìn 2001 tí fóònù alágbèéká tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà, tí olùgbọ́ sì ń pe ilé iṣẹ́ rédíò lórí afẹ́fẹ́, orúkọ náà kò ṣe déédéé mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pa á tì.

Ìlù, owó ẹyọ àti ẹ̀sùn tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀

Ẹ̀sùn pé ‘sọ̀rọ̀’ ti ìlù àti àrokò síta ni ó kàn. Ní ti dùndún, ohùn èdè Yorùbá ni awọ ń gbé jáde. Bí onílù bá fẹ́ kí ènìyàn, ó ní gbólóhùn kan lọ́kàn, olóhùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, gbólóhùn yẹn ni ó sì ń fa ọṣán ìlù fún. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú tí òkìkí ìdílé Àyàn rẹ̀ kàn, tí ó sì múlé gbe Ìfọ́n àti Ìlobùú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìlù kò sọ̀rọ̀. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá yóò jó sí i, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tí ó ń kí.

Àrokò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó yàtọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí ẹnì kan dì ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ń sọ pé ọkàn òun fà sí i; mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Kí ni ó so mẹ́fà pọ̀ mọ́ ìfẹ́? Kò sí nǹkan kan nínú owó ẹyọ tàbí nínú iye náà fúnra rẹ̀. ‘Fà’ tí ó fara pamọ́ sínú ẹẹ́fà, àti ‘jọ’ tí ó fara pamọ́ sínú ẹẹ́jọ, ni ó ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá lè ka owó náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀rọ̀ ni àrokò yìí, wọ́n kàn fi owó bò ó lójú ni. Nítorí náà, ‘sọ̀rọ̀’ tí ó wà nínú ‘ìbánisọ̀rọ̀’ kò lé irú àrokò bẹ́ẹ̀ síta. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń tọ́ka sí ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe.

Ó yẹ kí àwọn tí ó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ fi èyí kún ohun tí wọ́n ń kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn máa ń to àrokò àti ìtumọ̀ wọn lẹ́sẹẹsẹ fún ọmọ láti há sórí, bí ẹni pé ìtumọ̀ náà jábọ́ láti ọ̀run. Ọmọ tí ó bá ti rí ‘fà’ nínú ẹẹ́fà kò nílò àkọ́sórí mọ́.

Ìtàn òrìṣà Ìfọ́n

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òrólù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Olúfọ́n sì ni orúkọ oyè ọba rẹ̀. Òrìṣà Olúfọ́n, tí wọ́n tún ń pè ní Òṣàlúfọ́n, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun, ìyẹn àwọn tí ó jẹ́ ti Ọbàtálá. Ìtàn ìrìnàjò rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ṣàngó ní oríṣiríṣi ẹ̀dà. Èyí tí Pierre Verger kọ sílẹ̀ ni ó tàn kálẹ̀ jù láàárín àwọn onímọ̀, òun sì ni iṣẹ́ yìí yóò tẹ̀ lé.

Òṣàlúfọ́n ti di arúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Babaláwo ní kí ó má lọ. Nígbà tí ó takú, babaláwo ní kí ó mú aṣọ funfun mẹ́ta dání, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti òrí, kí ó má kọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ẹ́, kí ó má sì ráhùn. Lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun gbé ẹrù rù. Ẹ̀ẹ̀kan ó da epo pupa sí i lára, ẹ̀ẹ̀kan èédú, ẹ̀ẹ̀kan àdí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni bàbá wẹ̀, tí ó pààrọ̀ aṣọ, tí ó sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó sọnù, ó sì fẹ́ fi àgbàdo fa ojú rẹ̀ mọ́ra kí ó lè dá a padà. Ibẹ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ Ṣàngó ká a mọ́. Wọ́n pè é ní olè, wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́ inú túbú fún ọdún méje. Òjò dá, obìnrin kò bímọ, àìsàn gba ìlú. Ifá ni ó sọ fún Ṣàngó pé aláìṣẹ̀ kan wà nínú túbú rẹ̀. Ṣàngó dá arúgbó náà mọ̀, ó sì ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ aṣọ funfun, kí wọ́n pọn omi lẹ́ẹ̀mẹta láti fi wẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọhùn.

Ó ṣòro láti fi ‘ìbánisọ̀rọ̀’, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì, ka ìtàn yìí. Aṣọ funfun Òṣàlúfọ́n ń sọ ẹni tí ó jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ‘fà’ tàbí ‘jọ’ kankan nínú rẹ̀. Kò gbára lé eré ọ̀rọ̀. Funfun rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó ń jẹ́. Epo, èédú àti àdí tí Èṣù dà sí i ni ohun tí Shannon ń pè ní ariwo, ìyẹn ohun tí ó ń ba iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ lójú ọ̀nà, àfi pé ariwo yìí kò dún. Títí dé ibẹ̀, àwòrán onímọ̀ ẹ̀rọ náà gbìyànjú. Ibi tí ó ti já ni ẹnu ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bàbá ti pààrọ̀ aṣọ, ọ̀nà ti mọ́, síbẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ Ṣàngó kò rí nǹkan kan ju olè ẹṣin lọ. Kò sí ẹni tí ó bá a, kò sí ẹni tí ó bi í pé, ‘Bàbá, níbo lẹ ti ń bọ̀?’ Bí iṣẹ́ kò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn kò jẹ́ ẹ̀bi ọ̀nà tí ó gbà.

Ìdákẹ́jẹ́ ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Ìdákẹ́jẹ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn náà. Òrìṣà dákẹ́ lójú ọ̀nà àti nínú túbú, òun nìkan, ọdún méje sì kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, òjò sì padà. Ohun kan náà ni, bí ‘sọ̀rọ̀’ bá jẹ́ òṣùwọ̀n, nítorí pé ọ̀rọ̀ kò sí nínú méjèèjì. ‘Bá’ nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀: ní ìgbà kejì, gbogbo ìlú bá a dákẹ́. Wọ́n gbé ìdákẹ́jẹ́ tí ó ti dá gbé tẹ́lẹ̀ sọ́rùn, wọ́n wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n pọn omi. Ohun tí ‘communicare’ ń wí ní Látìn ni wọ́n ṣe gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ‘ìbánisọ̀rọ̀’ kò lè gba ohun tí wọ́n ṣe yìí wọlé, nítorí ‘sọ̀rọ̀’ tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Níhìn-ín ni àlébù ọ̀rọ̀ náà wà.

Bí ìdákẹ́jẹ́ yìí ṣe lágbára tó hàn ní òdìkejì òkun. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàháyà ní Brazil mú òrìṣà náà lọ, wọ́n ń pè é ní Oxalufã títí di òní, orúkọ Ìfọ́n sì wà nínú orúkọ náà. Nínú ọdún tí wọ́n ń pè ní Águas de Oxalá, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn olórìṣà á wọ funfun, wọ́n á lọ pọn omi, wọn kì í sì í fọhùn lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá ju èyí tí ó wà nínú orin àti ìkíni lọ. Dùndún Ẹ̀rìn kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ dé ibi tí ó fẹ́, owó ẹyọ mẹ́fà kò sì ní fà wọ́n. Aṣọ àti omi Ìfọ́n yé wọn.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Èyí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Bí ìbéèrè bá ní kí ọmọ dárúkọ ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ mẹ́rin láyé àtijọ́, tí ọmọ Ìfọ́n kan sì kọ ìlù, àrokò, aṣọ funfun àti ìdákẹ́jẹ́, olùkọ́ tí ó di ‘sọ̀rọ̀’ mú yóò fún un ní máàkì méjì, yóò sì fa igi pupa sí ìyókù. Ọmọ náà yóò lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ pé ohun tí òun mọ̀ ní ojúbọ òrìṣà ìlú òun kì í ṣe ìmọ̀. Kí ọmọ yẹn tó dàgbà, fóònù ọwọ́ rẹ̀ pàápàá yóò ti jẹ́rìí sí i. Nígbà tí owó ìpè wọ́n ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká kọ́kọ́ dé, àwọn ènìyàn ń fláàṣì ara wọn, ìpè á dún lẹ́ẹ̀kan, á sì já, ẹni tí ó ni fóònù kejì á sì mọ̀ pé onítọ̀hún ti délé. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀.

Kò pọn dandan láti pa ‘ìbánisọ̀rọ̀’ tì. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ti gbà kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ kan lè fagi lé, ‘bá’ inú rẹ̀ sì ṣe iyebíye ju èyí tí ènìyàn lè fi tọrẹ. Ohun tí ó yẹ ni pé kí wọ́n yé fi í dí gbogbo àlàfo tí ‘communication’ bá ṣí sílẹ̀. Àwòrán Shannon kò ní ‘bá’ nínú. ‘Ìfiránṣẹ́’ bá a mu jù. Ohun tí rédíò àti pátákó ìpolówó ń ṣe, ‘ìkéde’ ti wà fún un tipẹ́. Kí ‘ìbánisọ̀rọ̀’ dúró fún ibi tí èsì ti ṣeé retí, yálà ẹnu ni ó gbé e, tàbí awọ, tàbí owó ẹyọ. Ní ti aṣọ funfun àti omi tí wọ́n pọn láìfọhùn, ‘bá’ láìsí ‘sọ̀rọ̀’ ni wọ́n ń béèrè fún, irú èyí tí ó wà nínú ‘bá kẹ́dùn’ àti ‘bá yọ̀’. Olùkọ́ tí ó bá wà nítòsí Ìfọ́n lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà olórìṣà léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà fúnra wọn, ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ti Verger, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí ìlú ti dákẹ́.